Ẹ Bá Mi Bi Kíbọ́ọ̀dù Yìí Léèrè

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́n jù mí lọ, ta ló kọ́kọ́ rò ó pé ó tọ́ kí ènìyàn máa ta dùùrù tí kì í dún? Mi ò sọ pé ó bàjẹ́ o. Ara rẹ̀ le koko, iná rẹ̀ ń tàn, bọ́tìnnì rẹ̀ ń dán. Ṣùgbọ́n bẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ láti àárọ̀ dalẹ́, kò ní sọ "pín". Kò ní sípíkà nínú, kò sì ní ihò tí wọ́n ń ki íápíìsì bọ̀. Kíbọ́ọ̀dù ọmọdé oníbátìrì tí wọ́n ń tà lẹ́bàá títì nígbà Kérésìmesì, òun ń dún. Èyí tí mo fi owó gidi rà, tí wọ́n ya àwòrán ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó dijú, tó ń jayé orí rẹ̀, sára páálí rẹ̀, òun ló yadi.

Ẹni tó tà á fún mi ní Ìkẹjà ò parọ́, ó kàn dákẹ́ ni. "Controller ni, Bàbá," ló wí, ó sì ń ka owó rẹ̀ lọ. Èmi tí mo ti ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì wa n'Íbàdàn láti ìgbà tí irun orí mi ṣì pé, báwo ni ọkàn mi ṣe máa lọ síbẹ̀ pé ènìyàn lè fi dùùrù sínú páálí kó sì yọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀?

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń ṣe bíìtì fún àwọn olórin ló là á yé mi. Ó ní MIDI ló wà nínú rẹ̀, MIDI kì í sì í gbé ohùn, nọ́ńbà ló ń gbé. Bí mo bá tẹ dò àárín, kíbọ́ọ̀dù á ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà pé wọ́n ti tẹ nọ́ńbà 60. Á sọ bí ọwọ́ mi ṣe le tó, láti 1 dé 127. Bí mo bá gbé ìka kúrò, á ní wọ́n ti fi í sílẹ̀. Ó tán. Bóyá dùùrù ló máa jáde ni o, bóyá fèrè ni, bóyá gbígbó ajá ni, ìyẹn ò kàn án.

Mi ò bá àwọn tó dá MIDI sílẹ̀ jà. Dave Smith ará Amẹ́ríkà àti Ikutaro Kakehashi ará Japan ló ṣíwájú iṣẹ́ náà. Ní oṣù Kìíní ọdún 1983, níbi ìpàtẹ ohun-èlò orin NAMM ní California, wọ́n fi waya so kíbọ́ọ̀dù iléeṣẹ́ méjì tó ń bára wọn du ọjà pọ̀, wọ́n tẹ ọ̀kan, èkejì sì dún. Ẹ gbọ́ ohun tí mo wí: ó dún! Wọn ò sì bu owó lé e fún ẹnikẹ́ni. Iléeṣẹ́ tó bá wù ú kó lò ó lọ́fẹ̀ẹ́. Lọ́dún 2013 wọ́n fún àwọn méjèèjì ní Grammy ti ìmọ̀ ẹ̀rọ, ó tọ́ sí wọn. Àwọn tó dé lẹ́yìn wọn ni mo wá fẹjọ́ sùn.

Torí pé láàárín ìka mi àti etí mi lónìí, ó dà bí ìgbà téèyàn ń wá ìwé ẹ̀rí ọmọ ìbílẹ̀ ní káńsù: tábìlì yìí á ní kó o lọ bá tábìlì yẹn, tábìlì yẹn á ní ọ̀gá tó ń buwọ́ lù ú ò wá lónìí. Kò sì sí ẹni tó jẹ̀bi nínú wọn.

Waya ni tábìlì àkọ́kọ́. Mo mú èyí tí mo fi ń gba iná sí fóònù, ẹnu rẹ̀ bá ihò kíbọ́ọ̀dù mu wẹ́kú. Iná tàn, inú mi dùn. Kọ̀ǹpútà ní òun ò rí nǹkan kan. Ṣé ẹ mọ̀ pé waya USB wà tí kì í gbé ju iná lọ? Okùn tí ọ̀rọ̀ ń gbà kọjá ò sí nínú rẹ̀ rárá, bẹ́ẹ̀ ojú kan náà ni wọ́n jọ ní níta, kò sí ilà kan lára wọn téèyàn lè fi dá wọn mọ̀.

Lẹ́yìn èyí ló kan fọ́ọ̀mù. Wọ́n ní sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ wà nínú owó tí mo san. Ọ̀fẹ́ náà ń bèèrè orúkọ, ímeèlì, ọjọ́ ìbí, páásíwọ́ọ̀dù tó ní lẹ́tà ńlá àti àmì ìyanu, àti nọ́ńbà kan tí wọ́n kọ sábẹ́ kíbọ́ọ̀dù. A dojú kíbọ́ọ̀dù dé lórí bẹ́ẹ̀dì, Ìyá Ìbejì tan tọ́ọ̀ṣì sí i, mo gbé awò mi lékè.

"Òdo ni."

"Lẹ́tà O ni, Bàbá Ìbejì."

"Mo ní òdo ni."

Ẹ̀rọ ní irọ́ ni. Lẹ́tà O náà, ẹ̀rọ ní irọ́ ni. Ìgbà tó yá la rí i pé lẹ́tà D ni. Ìyá Ìbejì pa tọ́ọ̀ṣì, ó ní, "Ṣé ẹ rà á ni àbí ẹ yá a? Ìbéèrè wọn pọ̀." Mi ò rí èsì fún un. Ti àwọn ohùn tí mo ní láti wà sórí láptọ́ọ̀pù, tó jẹ́ gìgábáìtì lórí gìgábáìtì, àti iná tí wọ́n mú lọ nígbà tó kù díẹ̀ kó parí, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Ẹni tó bá ń gbé Nàìjíríà ti mọ̀ ọ́n.

Mo wá ṣí sọ́fítíwíà náà, mo tẹ dùùrù. Kẹ́kẹ́ pa. Àmọ́ iná wínníwínní kan wà lókè ojú kọ̀ǹpútà. Mo tẹ̀ ẹ́, ó ṣẹ́jú. Mo tún tẹ̀ ẹ́, ó tún ṣẹ́jú. Àṣé ó ń gbọ́ mi! Ó gbọ́, ó mọ̀ pé èmi ni, ó kàn ti pinnu pé òun ò ní dáhùn ni. Nílé tí wọ́n ti tọ́ mi, ọmọ tí wọ́n pè tó gbọ́ tí kò jẹ́, a mọ ohun tí wọ́n ń fojú rẹ̀ rí.

Mo pe ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. "Dádì, ẹ lọ sí settings. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ MIDI sí. Ṣé ẹ rí orúkọ kíbọ́ọ̀dù yín?" Ọ̀nà méjì ni mo rí i. Kíbọ́ọ̀dù kan, orúkọ méjì. "Àkọ́kọ́ ni kẹ́ ẹ tàn, sà. Ẹ má fọwọ́ kan ìkejì." Mo tan àkọ́kọ́. Ó ní kí n fi ohun-èlò orin kan sínú tíráàkì. Mo fi dùùrù sí i. Ó ní kí n tẹ bọ́tìnnì pupa ẹ̀gbẹ́ tíráàkì náà kó lè máa gbọ́ mi.

Mo ní, "Ṣé kì í ṣe pé ó ti ń gbọ́ mi tẹ́lẹ̀ ni?"

"Sọ́fítíwíà ló ń gbọ́ yín, sà. Tíráàkì ni kò tíì gbọ́."

Ó wá dún lóòótọ́, àmọ́ ìgbà tó wù ú ló ń dún. Mo tẹ dò, mo ti kúrò níbẹ̀, mo ti ń lọ sí mí, kí dò tó yọjú. Latency ni wọ́n ń pè é. Kọ̀ǹpútà kì í da ohùn síta bó ṣe ń ṣe é. Ó ń kó o jọ sínú àpò kan tí wọ́n ń pè ní buffer, àpò náà gbọ́dọ̀ kún kó tó tú u fún sípíkà. Tèmi wà ní ẹyọ ohùn 2,048, ẹyọ 44,100 ló sì ń ṣe ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ pín in, ẹ ó rí i pé ó tó ìdá kan nínú 22 ìṣẹ́jú àáyá. Lórí ìwé, kò ju nǹkan kan lọ. Ẹ fi bá onílù ṣọ́ọ̀ṣì wa ṣeré, ẹ wo ojú tó máa fi wò yín. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé MIDI ò mọwọ́ mẹsẹ̀. Waya tọdún 1983 gan-an ń gbé bíìtì 31,250 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ọgbọ̀n bíìtì péré sì ni ìka kan tó tẹ dùùrù nílò, kò tó ìdá kan nínú 1,000 ìṣẹ́jú àáyá. Iṣẹ́ tí wọ́n rán ti dé tipẹ́, kọ̀ǹpútà ló jókòó lé e.

Mo dín buffer kù sí 64, ohùn bẹ̀rẹ̀ sí í ta pàpàpà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi bá mi fi ASIO sí i, èyí tí iléeṣẹ́ Steinberg ní Jámánì gbé kalẹ̀ kí ohùn lè gba ẹ̀bùrú kọjá lára Windows, a wá fi buffer sí 256. Àlàáfíà dé.

Mo ní ẹ jẹ́ n wá gángan. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ yìí ti dùn mí dé egungun.

Lọ́dún 1991, àwọn àgbààgbà jókòó, wọ́n to ohùn 128 jọ tí ẹ̀rọ orin gbogbo gbọ́dọ̀ fi nọ́ńbà kan náà mọ̀. General MIDI ni wọ́n pè é. Mo kà á láti òkè. Wọ́n rántí koto àti shamisen àwọn ará Japan, ó dáa bẹ́ẹ̀. Wọ́n rántí fèrè alápò. Kalimba wà níbẹ̀, mo kí i kú oríire gẹ́gẹ́ bí ará Áfíríkà bíi tèmi. Mo ń sọ̀ kalẹ̀, mo ń wá gángan, mo ń wá dùndún, kódà bí wọ́n bá ní ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ mi ò bá gbà á. Nọ́ńbà 124, ẹyẹ ló ń ké. 125, tẹlifóònù. 126, hẹlikópítà. 127, àtẹ́wọ́. 128, ìbọn. Ibẹ̀ ló parí sí. Ẹ gbà mí o! Ẹni tó rántí hẹlikópítà gbàgbé dùndún! Orin ìyìn wo ló ń wá hẹlikópítà? Ọjọ́ ìsìnkú ta la máa yìnbọn sí nínú ègbè?

Wọ́n ní kí n máa fi wíìlì apá òsì ṣe ohùn gángan, èyí tó ń gbé ohùn sókè sódò. Ipò 16,384 ni wíìlì yìí lè dúró sí. Ṣùgbọ́n bó ṣe ti ilé wá, sẹ́mítóònù méjì péré ló ń rìn lọ sókè, méjì sódò. Ẹ wò ó, ipò 16,384 láti fi rin ọ̀dẹ̀dẹ̀! Ọmọ ayàn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́, tó bá fún ọsán gángan pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó ti kọjá ibẹ̀. Mo fi í gbìyànjú oríkì bàbá mi. Ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ há mọ́ra wọn débi pé Ìyá Ìbejì yọjú láti kíṣìnnì, ó ní ta ni mò ń bú.

A ti rí ibi tí wọ́n ti ń yí sẹ́mítóònù méjì yẹn sí 12. Kò sí lára kíbọ́ọ̀dù, inú ohun-èlò orin inú sọ́fítíwíà ni wọ́n tọ́jú rẹ̀ sí, bẹ́ ẹ bá sì yí ti ọ̀kan, ti èkejì ò gbọ́. Nọ́ọ̀bù mẹ́jọ ṣì wà lókè kíbọ́ọ̀dù náà tí mi ò tíì mọ iṣẹ́ wọn. Wọ́n ní èmi ni mo máa kọ́ wọn níṣẹ́, ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Mo ní kí wọ́n ṣì máa sinmi.

Láàárọ̀ àná, sọ́fítíwíà gbé ìkéde kan sójú mi pé òun ti ní ẹ̀yà tuntun, ṣé kí òun máa wà á wọlé. Mo bi ọmọ ẹ̀gbọ́n mi léèrè ohun tó máa tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Ó ní, "Ó lè gbàgbé settings díẹ̀, sà." Mo yọ módẹ́ẹ̀mù lára iná, mo tì í mọ́ inú àpótí. Àwọn ìbejì ní àwọn fẹ́ fi íntánẹ́ẹ̀tì ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. Mo ní kí wọ́n lọ bá tíṣà wọn.