Abuké Ọ̀kẹ́rẹ́ Tó Wà ní Tinúbú

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá rìn jìnnà ní í rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Òótọ́ ni, nígbà tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn, ojú ni wọ́n sì fi ń wòran. Lóde òní, bọ́ọ̀sì ló ń rìn, fóònù ló ń wòran. Ẹni tó bá sì rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́ ọ̀hún, ẹ̀yìn ló máa kọ sí i, kí ojú tirẹ̀ lè hàn dáadáa nínú fọ́tò.

Ẹ wá wò wá ní Alímọ̀ṣọ́. Ìkànìyàn ọdún 2006 ka èèyàn 1,277,714 níbí. Bí ọdún bá ti ń kù sí dẹ̀dẹ̀, àwa ará Ìkòtún, Ẹ̀gbẹ́dá àti Ìgàndò a kóra wa dé Ìyànà Ìba, a ó wọ ọkọ̀ Sẹ̀mẹ̀, ó di Àjàṣẹ́, olú-ìlú Orílẹ̀-èdè Benin.

Àbúrò kan ládùúgbò wa dé láti ibẹ̀, ó na fóònù sí mi.

“Bùọ̀dá, ẹ wo mọ́ṣáláṣí tó dà bíi ṣọ́ọ̀ṣì! Àwọn Àgùdà tó ti Brazil dé ló kọ́ ọ. Irú ẹ̀ ò sí lọ́dọ̀ wa.”

Mo wò ó. Orí rẹ̀ bo ilẹ̀kùn, ìka méjì tó nà sókè bo fèrèsé. Mo bi í bóyá ó ti dé Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey ní òpópónà Martins rí, èyí tí wọ́n ṣí ní 1894, tó jẹ́ pé Àgùdà kan, João Baptista da Costa, ló ya àwòrán ilé rẹ̀.

“Èkó kẹ̀? Bùọ̀dá, sún-kẹẹrẹ Ìsọlọ̀ á pa èèyàn!”

Ẹni tó ti dúró níbi gbogbo okùn tí wọ́n ta sójú ọ̀nà láti Àgbárá dé Sẹ̀mẹ̀ ló ń sọ bẹ́ẹ̀ o. Ìdádúró tòkèèrè kì í jọ sún-kẹẹrẹ lójú arìnrìn-àjò.

Èkó tó ń sá fún yìí ti ṣe olú-ìlú rí. Láti 1914 tí wọ́n ti pa Àríwá pọ̀ mọ́ Gúúsù ló ti ń ṣe olú-ìlú Nàìjíríà, títí di ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá 1991 tí ìjọba kó lọ sí Àbújá. Ìga Ìdúngánràn ṣì wà níbẹ̀. Ọgbà ẹ̀wọ̀n àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní Broad Street ti di Freedom Park. Ṣùgbọ́n bí ará Alímọ̀ṣọ́ bá dé Èkó, ó di Ìdúmọ̀tà àti Balógun. Ó ra léèsì, ó dúnàá-dúrà, ó gbé ẹrù rẹ̀, ó fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ.

Báyìí la ṣe ń gba iwájú ilé Fernandez kọjá ní Tinúbú. Àwọn Àgùdà kọ́ ọ ní 1855. Ní 1956, wọ́n sọ ọ́ di ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè, pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Lọ́jọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án 2016, wọ́n wó o palẹ̀. Ta ló ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ ní Ìkòtún? Ta ní í ṣọ̀fọ̀ ẹni tí kò bá pàdé rí?

Ìmọ̀ràn mi sí ìjọba kò le. Kí wọ́n ta okùn ààlà sí Afárá Carter, kí wọ́n máa gba owó sẹ́fà, kí wọ́n máa lu òǹtẹ̀ mọ́ ìwé ìrìnnà. Kó tó di ọ̀sẹ̀ kejì, ìlà àwa ará Alímọ̀ṣọ́ á ti tò dé Ìyànà Ìpájà.