Agolo Wí, N Ò Gbọ́

Gbogbo ohun tó yẹ kí n mọ̀ ni wọ́n kọ sára agolo ọ̀dà náà. Wọ́n ní kí pákó gbẹ dénú. Wọ́n ní bí a bá fi omi fọ̀ ọ́, ó kéré tán kí á fún un ní wákàtí 48. Wọ́n ní kí á má kùn ún nípọn. Mo ka gbogbo rẹ̀, mo sì rẹ́rìn-ín. Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà. Lásìkò ọyẹ́ níbẹ̀, bí o bá ń kun fèrèsé, òkè á ti gbẹ kí o tó dé ìsàlẹ̀. Mo gbàgbé pé Maryland ní Amẹ́ríkà ni mo wà, nínú oṣù Kẹfà, tí ooru àti ọ̀rinrin jọ ń rìn, tí ìrì sì ń sẹ̀ lóru.

Déèkì ẹ̀yìn ilé wa, pèpéle onípákó, ló fa gbogbo rẹ̀. Pákó rẹ̀ ti hewú. Ìyá ìyàwó mi sì ti dé láti Abẹ́òkúta, ìyàwó mi ní orí rẹ̀ la ó ti ṣe wọ́n lálejò lọ́jọ́ Àìkú, pẹ̀lú àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì. Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni mo lọ háyà ẹ̀rọ tó ń fi agbára tu omi. Mo sún ẹnu rẹ̀ mọ́ pákó débi pé irun pákó dìde. Èmi rò pé ó ti mọ́ nìyẹn.

Láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo fọwọ́ kan pákó, ó gbẹ. Bàbá òyìnbó kan tó múlé tì wá, káfíńtà tó ti fẹ̀yìn tì, yọjú láti ojú ọgbà, ó bi mí bóyá mo ti ta omi díẹ̀ sí i. Ó ní bí pákó bá mu omi náà kíá, kí n máa kùn ún. Bí omi bá dúró lórí rẹ̀ ní kóńkó kóńkó, kí n ní sùúrù. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nínú ọkàn mi, mo ní àgbà ilẹ̀ ibí náà ń ṣe àtojúbọ̀.

Ojú pákó ló máa ń tanni jẹ. Òkè rẹ̀ á gbẹ, omi á ṣì wà nínú. Ọ̀dà olóròóró yìí ò sì dà bí ọ̀dà ògiri, inú ihò tíntìntín ara pákó ló yẹ kó wọ̀ lọ. Bí omi bá ti gba ihò, òróró á kàn rọ̀ mọ́ ìta bí èrò tó bá danfo tó ti kún. Mo kùn ún bẹ́ẹ̀, mo sì rí i pé kò wọlé. Ọgbọ́n tí mo dá? Mo kùn ún lẹ́ẹ̀kejì, ó sì nípọn ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Lọ́jọ́ Àìkú, Màmá wọ léèsì funfun, wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì tí mo kùn mọ́ déèkì. Nígbà tí pásítọ̀ ní kí á dìde fún àdúrà, Màmá dìde, léèsì kọ̀. Bàtà ìyá díkónì kan ti dúró láyè ara rẹ̀, ẹsẹ̀ ló ń rìn lọ. Màmá yíjú sí mi.

“Bàbá Dámi, ṣé ẹ ò fẹ́ kí n padà sílé mọ́ ni?”

Kí n tó rí èsì fọ̀, bàbá káfíńtà, tí a pè wá jẹ ìrẹsì, ti ń gbóòórùn nǹkan kan nínú gáréèjì. Àkísà tí mo fi nu ọwọ́ àti búrọ́ọ̀ṣì ni mo ká jọ sínú ọ̀rá, tí mo jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn páálí. Wọ́n fọwọ́ kàn án, wọ́n yára fa ọwọ́ padà. Òróró irú ọ̀dà yẹn máa ń mú ooru jáde bó ṣe ń gbẹ. Bí a bá sì ká àkísà rẹ̀ jọ, ooru náà ò ríbi gbà jáde, ó lè gbiná láìsí ẹni tó ṣá ìṣáná. Wọ́n ri gbogbo rẹ̀ sínú garawa omi. N ò tíì rí ẹni tí mo bọ̀wọ̀ fún tó bẹ́ẹ̀ rí.

Kọ́síìkì sódà tí àwọn ìyá wa fi ń se ọṣẹ, òun náà ló wà nínú oògùn tí mo fi họ ọ̀dà náà kúrò, lórí ìkúnlẹ̀, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́. Ó sọ pákó di dúdú, mo tún ní láti ra ásíìdì tó dá àwọ̀ rẹ̀ padà. Bàbá wá yá mi ní ẹ̀rọ kékeré eléyín méjì tí a ń gún mọ́ pákó láti mọ omi inú rẹ̀. Wọ́n ní bí kò bá tíì wálẹ̀ sí ìdá 15 nínú 100, n ò gbọdọ̀ ṣí agolo.

Màmá ò gba ẹ̀rọ kankan gbọ́. Àràárọ̀ ni wọ́n ń gbé ife omi jáde, wọ́n á ta á sí pákó, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ wò ó, wọ́n á kígbe wọlé pé, “Kò tíì mu o!” Lọ́jọ́ tó mu, wọ́n dúró tì mí títí mo fi kùn ún lẹ́ẹ̀kan péré, fẹ́lẹ́, tí mo sì nu èyí tó ṣẹ́kù lójú rẹ̀ nù. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rán mi létí léèsì. Owó rẹ̀ ju ti ọ̀dà, oògùn àti ẹ̀rọ tí mo háyà lọ ní àpapọ̀, ẹni tó tà á ò sì gbà kí n ná an.