Alákàn Tó Dìbò Lòdì sí Ojú Ara Rẹ̀

Nígbà tí àwọn àgbà Yorùbá sọ pé ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí, ohun tí wọ́n gbà láìjiyàn ni pé kò sí ẹ̀dá tó lórí tí kò ní fẹ́ kí ojú òun ríran. Wọn kò ro ti alákàn tí yóò pe ìpàdé, tí yóò ṣírò iye tí ojú méjì yóò ná an, tí yóò sì dìbò pé kí ojú ṣì wà lọ́jà ná. Ohun tí àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Jámánì ṣe gẹ́lẹ́ nìyí ní oṣù Kẹta ọdún 2014, nígbà tí wọ́n gbé ẹ̀rọ tí ń ṣọ́ ìlà ẹnu gólì síwájú wọn, ìyẹn ẹ̀rọ tí ń ta adájọ́ orí pápá lólobó lójú ẹsẹ̀ bí bọ́ọ̀lù bá ti kọjá ìlà náà tán. Nínú ẹgbẹ́ 18 tó wà ní Bundesliga, tí í ṣe líìgì àgbà, mẹ́sàn-án gbà, mẹ́sàn-án kọ̀. Ní líìgì kejì, 15 nínú 18 ló kọ̀. Àwíjàre ọ̀pọ̀ wọn ni pé ẹ̀rọ náà ti wọ́n jù.

Kì í ṣe pé ẹ̀kọ́ kò tíì dé bá wọn. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2013, bọ́ọ̀lù tí Stefan Kießling ti Leverkusen fi orí kàn ní pápá Hoffenheim gba ihò ara àwọ̀n wọlé láti ẹ̀gbẹ́, adájọ́ kà á sí gólì, Leverkusen sì borí pẹ̀lú 2-1.

Ìbò náà kò tíì pé oṣù méjì tí Bayern Munich àti Borussia Dortmund, tí wọ́n ṣe ipò kìíní àti ìkejì ní líìgì lọ́dún náà, fi pàdé ní Berlin ní ọjọ́ 17 oṣù Karùn-ún nínú àṣekágbá DFB-Pokal, ìyẹn ife ẹ̀yẹ tí ẹgbẹ́ ńlá àti kékeré jọ ń dù ní Jámánì. Ẹnikẹ́ni kò tíì jẹ gólì nígbà tí Mats Hummels ti Dortmund fi orí kan bọ́ọ̀lù tó kọjá ìlà kí Dante ti Bayern tó gbá a jáde, ṣùgbọ́n adájọ́ Florian Meyer àti àwọn olùrànlọ́wọ́ rẹ̀ kò rí i. Ẹni tó jókòó sílé níwájú tẹlifíṣọ̀n rí i ní àrítúnrí. Ẹni tó yẹ kó dájọ́ nìkan ni wọ́n fi ojú dù. Nígbà tí àfikún àkókò dé, Arjen Robben àti Thomas Müller gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n, Bayern sì gba ife pẹ̀lú 2-0. Lọ́dún tó ṣáájú, mílíọ̀nù 37 owó yúrò ni Bayern fi gba Mario Götze lọ́wọ́ Dortmund yìí kan náà; ó hàn gbangba pé ní líìgì náà, ẹsẹ̀ kò wọ́n, ojú ló wọ́n.

Bayern tó jàǹfààní àṣìṣe náà gan-an ló tún gbé àbá ẹ̀rọ náà dìde, nígbà tó sì di oṣù Kejìlá, 15 nínú ẹgbẹ́ 18 gbà á. Àwọn mẹ́ta ṣì kọ̀. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n tún fi VAR kún un, ìyẹn ètò tí adájọ́ fi ń wo àwòrán eré padà. Nínú àṣekágbá DFB-Pokal ọdún 2018, nígbà tí Eintracht Frankfurt ń fi 2-1 na Bayern tí eré sì fẹ́ parí, Kevin-Prince Boateng fi ẹsẹ̀ gbá Javi Martínez nínú àgbègbè ẹnu gólì Frankfurt. Adájọ́ Felix Zwayer lọ wo àwòrán náà fúnra rẹ̀, ó padà wá, ó sì fún Bayern ní kọ́nà dípò pẹnárítì. Frankfurt fi 3-1 gba ife lọ, àríyànjiyàn sì tún gbilẹ̀.

Ojú tí a fi owó rà lè fi ibi tí bọ́ọ̀lù dé hàn, ṣùgbọ́n kò lè mú ẹni tí ìdájọ́ dùn gbà pé òótọ́ ni. Ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ kí ìjà tán pátápátá yóò kọ́kọ́ ra ọkàn tó gbà láti pàdánù, irú ọjà bẹ́ẹ̀ kò sì tíì sí nínú èyí tí wọ́n ń dìbò lé lórí.