Páìpù Tuntun Bàbá Onílọ́rì

Ẹ sún mọ́bí, ẹ rẹ ohùn yín sílẹ̀ o, kí ìyálé má baà gbọ́. Lọ́rì Bedford àtijọ́ tó ń sùn lẹ́yìn agbo ilé wa ní Òdòde Ìdànrè níbí, Bàbá Onílọ́rì ti yọ mánífóòlù irin tó ń kó èéfín rẹ̀ jáde dànù, wọ́n ti fi páìpù tuntun sí i. Èmi kọ́ ni mo sọ ọ́ o!

Ẹ má fojú tẹ́ńbẹ́lú ọkọ̀ yẹn. Ọdún 1931 ni Vauxhall bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe Bedford ní Luton, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. General Motors ti Amẹ́ríkà ló ni Vauxhall àti Chevrolet nígbà náà, ìdí nìyẹn tí ẹ́ńjìnnì Bedford fi jẹ́ mọ̀lẹ́bí ti Chevrolet. Ẹ bi àwọn àgbà: Bedford ló pọ̀ nínú bọ́lẹ̀kájà tó gbé ìyá yín lọ sọ́jà, àti nínú lọ́rì tó kó kòkó bàbá yín. Ti Bàbá yìí, ẹlẹ́pẹtiróòlù ni, sìlíńdà mẹ́fà tó tò tẹ̀léra, lítà 3.5. Bẹ́ẹ̀ kòkó kì í ṣe ewé. Àpò 16 ló ń jẹ́ tọ́ọ̀nù kan. Òkè wa sì nìyẹn! Àlejò tó gun àtẹ̀gùn tó lé ní 600 lọ wo ìlú àtijọ́ lórí òkè, ẹ rí bó ṣe ń mí hẹlẹhẹlẹ tó bá sọ̀ kalẹ̀. Ìyẹn kò tiẹ̀ ru kòkó.

Kí ni mò ń sọ ná? Ẹ̀hẹ́n, páìpù. Nínú irin àtijọ́, èéfín sìlíńdà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ń ti ara wọn bí èrò tó fẹ́ gba ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo jáde lẹ́yìn ìsìn. Mẹkáníìkì wá pín wọn: mẹ́ta iwájú ní ẹnu tiwọn, mẹ́ta ẹ̀yìn ní tiwọn. Bí wọ́n sì ṣe ń tan iná ni 1, 5, 3, 6, 2, 4. Ẹ kà á wò: iwájú kan, ẹ̀yìn kan, títí tó fi yí po. Kò sí ẹni tó ń dí ẹnìkejì lọ́nà.

Ṣùgbọ́n ojú wọn rí màbo kí wọ́n tó dé e! Wẹ́lídà ní òun kò ní fọwọ́ kan páìpù omi tí wọ́n fi síǹkì bò, pé èéfín síǹkì a máa dá ibà síni lára. Páìpù dúdú ló fi ṣe é. Bóòtù irin àtijọ́ tó ti dípẹtà kọ̀, kò tú. Wọ́n bu epo sí i, wọ́n fi iná sí i. Ọ̀kan ṣẹ́ mọ́ inú, wọ́n dá a lu jáde. Wọ́n wá dé e tán, ẹ́ńjìnnì ń dún fùú-fùú. Àṣé irin ojú páìpù tuntun nípọn ju ti ibi tí kábúrétọ̀ jókòó lé lọ, bẹ́ẹ̀ bóòtù kan náà ló di àwọn méjèèjì mú. Wáṣà ń tẹ ọ̀kan, kò kan èkejì. Mẹkáníìkì fi fáìlì rẹ́ ẹ títí tí wọ́n fi dọ́gba. Nígbà tó gbóná tó sì tutù, ó tún bóòtù fún, torí gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun a máa rọlẹ̀. Ìyókù ni ti ọyẹ́: irin àtijọ́ ló ń mú kábúrétọ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́, nísinsìnyí lọ́rì ń húkọ́ láàárọ̀.

Àwọn ọmọkùnrin ojúde ní ariwo tí páìpù tuntun ń pa ni agbára ọkọ̀ náà. Mẹkáníìkì ní irọ́ ni, pé ariwo kì í ru kòkó, pé mímí tó ń mí dáadáa ló ń gun òkè.

Ọ̀rọ̀ wá dé ibi tó ti dùn. Tí lọ́rì bá ti ké ní Aládé tó wà nítòsí wa, iṣu tó wà lórí iná ìyàwó á bọ́ sínú odó. Kí Bàbá tó sọ̀, iyán ti dúró! Ìyálé, tó wà ní ṣọ́ọ̀bù, á dé bá àwo òfo. Ta ló wá dá owó sàlẹ́ńsà ńlá, ẹ rò ó? Ìyálé ni! Ló bá di pé lọ́rì ń wọlé jẹ́jẹ́, ìyàwó kò gbọ́, ìyálé kò gbọ́, Bàbá sì jókòó ti gàrí gbẹrẹfu.

Lánàá, wọ́n ní kí mẹkáníìkì wá tú sàlẹ́ńsà. Mẹkáníìkì ní, "Bàbá, ṣebí mo ti sọ fún yín pé ariwo kò fún ọkọ̀ lágbára." Bàbá ní, "Ta ní ń sọ ti ọkọ̀?"