APC Mélòó ni ó Wà ní Èkìtì?

Ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ òṣèlú ADC tí àwọn ìwé ìròyìn ń gbé pọ̀n láti oṣù Keje ọdún 2025, nígbà tí àwọn àgbà òṣèlú tí ilé àtijọ́ kò gbà mọ́ kó ẹrù wọnú ẹgbẹ́ náà, tí wọ́n fi David Mark ṣe alága, tí wọ́n sì fi Rauf Aregbesola ṣe akọ̀wé fún ìgbà díẹ̀, ti sú mi pátápátá. Kì í ṣe nítorí ẹrù tí wọ́n kó, nítorí ẹrù kíkó ti mọ́ wọn lára, bí kò ṣe nítorí pé nínú gbogbo orúkọ tí ń bẹ láyé, èyí tí ó fi A bẹ̀rẹ̀ tí ó sì fi C parí ni wọ́n tún lọ jókòó lé lórí. Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ, ṣùgbọ́n ilé aládùúgbò ni àwọn tiwa ń wò.

Ẹ rántí ìjà ọdún 2013 lórí orúkọ APC. Àwọn ẹgbẹ́ ACN, CPC àti ANPP, pẹ̀lú apá kan APGA, kò tíì parí ìkéde pé àwọn ti di APC tí African Peoples Congress fi dé ẹnu ọ̀nà àjọ ìdìbò INEC pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, tí All Patriotic Citizens náà sì ń sáré bọ̀ lẹ́yìn, tí olúkúlùkù ń lérí pé òun ni APC. INEC dá African Peoples Congress padà. Nígbà tí ó di ọjọ́ 31 oṣù Keje, ó fi orúkọ All Progressives Congress sínú ìwé.

Ohun tí ó pa mí lẹ́rìn-ín ni pé nínú gbogbo agbẹjọ́rò tí ń làágùn lórí ọ̀rọ̀ yìí, kò sí ẹni tí ó ránṣẹ́ pe àgbà APC. Àgbà APC, pẹlẹbẹ inú ọ̀rá, a-lé-ẹ̀fọ́rí-lọ, olówó-pọ́ọ́kú-gba-ni-lọ́jọ́-ìrora, ọ̀rẹ́ àgbẹ̀ tí oòrùn pa bọ̀ láti oko, ọ̀rẹ́ tíṣà tí ariwo ọmọ iléèwé ti fọ́ lórí! Aspirin, phenacetin àti caffeine ni wọ́n pò pọ̀ tí wọ́n fi sọ ọ́ ní APC, bí a bá sì fi ti àgbà ṣe é, òun ni ì bá pe gbogbo wọn lẹ́jọ́, tí ẹgbẹ́ Siaka Stevens ní ilẹ̀ Sàró, tí ó ti ń jẹ́ APC láti ọdún 1960, ì bá sì wá jẹ́rìí. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn oníṣègùn rí i pé phenacetin ń ba kíndìnrín jẹ́, wọ́n lé e kúrò lórí àtẹ; wọn kò dúró de ọjọ́ ìbò.

APC onírin náà ń bẹ, ọkọ̀ ogun tí àwọn ọlọ́pàá ń gbé dé Adó-Èkìtì bí ìbò bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Ní ìbò gómìnà oṣù Kẹfà ọdún 2014, APC wà lójú pópó, APC wà lórí ìwé ìbò, Dókítà Fáyẹmí ti APC wà lórí àga, Fáyòṣe ti PDP sì wọlé. Mo ti ń dúró láti ìgbà náà kí ẹnìkan sọ fún mi èwo nínú wọn ni ó wá ṣọ́ èwo.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù lọ ni APC abẹ́ tábìlì, àpótí dúdú tí kì í jẹ́ kí kọ̀ǹpútà kú lójijì, nítorí bí BEDC oníná bá ti mú iná lọ, igbe ni yóò fi ta, kò sì ní dákẹ́ títí ẹnìkan yóò fi wá bẹ̀ ẹ́ wò. Iná tí ń lọ láti ọjọ́ yìí wá, APC tí à ń dìbò fún kò ké rí.

Ẹ jẹ́ kí a fi ẹ̀rín sílẹ̀. Orúkọ ẹni tí ń du ipò kì í sí lórí ìwé ìbò wa. Àmì ẹgbẹ́ àti lẹ́tà rẹ̀ nìkan ni. Ní ọdún 2023, nínú ẹgbẹ́ 18 tí ó du ipò ààrẹ, mẹ́sàn-án ni ó fi A bẹ̀rẹ̀: A, AA, AAC, ADC, ADP, APC, APGA, APM, APP. Ìyá arúgbó tí ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì tẹ yíǹkì sí àtàǹpàkò, ó dojú kọ bébà gbọọrọ, ìka rẹ̀ ń gbọ̀n láti orí A kan dé orí A kejì, àwọn tí wọ́n ń kó ẹrù ìlú mì sì wà nílé wọn tí wọ́n ń dúró de èsì. Ìwà ìkà ni! Àti ADC tí ẹ dì mú yìí, ṣé ẹ ti gbàgbé ni? Ọkọ̀ òfuurufú tí ó jẹ́ orúkọ náà já ní Ejìrìn ní ọjọ́ 7 oṣù Kọkànlá ọdún 1996, Ọ̀jọ̀gbọ́n Claude Ake bá a lọ. Òmíràn já ní Àbújá ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹwàá ọdún 2006, Sultan Maccido bá a lọ. Orúkọ tí a fi ṣọ̀fọ̀ ni ẹ fi ń lu ìlù.

Àwa Èkìtì, ọmọ ọba mẹ́rìndínlógún, náà kò mọ́ nínú ọ̀rọ̀ lẹ́tà, nítorí ẹni tí kò bá tò wọ́n síwájú àti sẹ́yìn orúkọ rẹ̀ kì í rí àga iwájú jókòó sí níbi ìnáwó. Yunifásítì Adó fúnra rẹ̀ ti jẹ́ orúkọ Awólọ́wọ̀ kí wọ́n tó gbà á lára rẹ̀ ní 1985, tí Ifẹ̀ sì wá gbé e wọ̀ ní 1987. Ó ti jẹ́ UNAD, ó ń jẹ́ EKSU báyìí. Àti pé, ní ti orúkọ tí a fi pe ohun tí kò jẹ́ ẹ, ta ni ó fún àwọn olóúnjẹ láyè láti máa pe ìyẹ̀fun inú ọ̀rá, tí wọ́n ń fi omi gbígbóná rò nínú ìkòkò, ní iyán, tí wọ́n sì ń gbé e síwájú àlejò ní Adó níbí?