Ta Ló Ní Ó Rọrùn?

Ẹ bá mi gbọ́ ẹjọ́ yìí. Oríta Ìwárajà ni mo ti ń ta sìmẹ́ńtì, níbi tí ọ̀nà Àkúrẹ́ àti ọ̀nà Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ti pínyà. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni mí, n kì í gbàgbé owó mi lọ́wọ́ ẹni. Ṣùgbọ́n n ò lè lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè bíi ti àwọn òṣómàáló ayé ọjọ́un, orúnkún ń dùn mí. Ni mo bá kọ́ Python, kí kọ̀ǹpútà máa bá mi ka gbèsè.

Èyí tí mo kọ́kọ́ ṣe ò lẹ́wà, àmọ́ ó ń ṣiṣẹ́. Mo fẹ́ mọ gbèsè, mo kọ gba_gbese(). Mo fẹ́ yí i padà, mo kọ fi_gbese(5000). Àfi ìgbà tí àbúrò ìyàwó mi ti Òṣogbo dé, tó bú sẹ́rìn-ín. "Bọ̀dá, ẹ ṣì wà níbẹ̀ yẹn? Ẹ lé @property sórí ẹ̀, ó ti parí."

N ò ní parọ́, ó wuni. Function méjì, gbese lorúkọ àwọn méjèèjì: @property lórí èyí tó ń sọ iye, @gbese.setter lórí èyí tó ń yí i padà. Ẹ kàn máa kọ onibara.gbese = 5000. Bí ẹnìkan bá fẹ́ fi iye tó kéré sí òdo sí i, setter á lé e padà lẹ́nu ọ̀nà, bí ẹ bá ti kọ ọ́ sínú ẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Inú setter náà ni mo kọ self.gbese = iye sí. Yéè! Setter pe ara rẹ̀, ara rẹ̀ tún pe ara rẹ̀, bí àlejò tó ń béèrè ọ̀nà Ẹ̀fọ̀n tí wọ́n ní kó lọ bi ẹni tó dúró ní oríta, òun gan-an ló sì dúró níbẹ̀. Nígbà tó di bí ìgbà 1,000, Python ju RecursionError lù mí. Òṣómàáló wo ló ń tètè rẹ̀ báyẹn?

"Ẹ ò fi ilà síwájú ẹ̀ ni, Bọ̀dá. self._gbese."

Ilà! Bàbá tó bí mi lọ́mọ ò kọlà fún mi.

Mo wádìí ọ̀rọ̀ náà. Ọdún 2001 ni property wọ Python 2.2, àmì @ ò dé àfi ní 2004, .setter di 2008. Ohun tí àwọn onímọ̀ fi ọdún méje mú rọrùn, ọmọ yìí ní kí n mọ̀ ọ́n ní ìrọ̀lẹ́ kan, tí jẹnẹrétọ̀ sì ń pariwo sí mi létí.

Ìwé gbèsè mi ti ń ṣiṣẹ́ báyìí. Owó ọ̀hún gan-an ló kù. Ẹ bá mi sọ fún àwọn tó jẹ mí: pẹ̀lú orúnkún dídùn yìí náà, mo ń bọ̀ wá lóṣòó.