Ìwádìí Ìjìnlẹ̀ Lórí Ìdí Tí Òkòtó Olóró Inú Òkun Kò Fi Tíì Dé Trikania

Ó dájú pé kò sí òkòtó olóró ní Trikania, àdúgbò kan ní ìlú Kaduna. Ìdí rẹ̀ ni ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ń béèrè, nítorí Trikania kì í kọ àlejò. Yorùbá wà níbẹ̀, Ígbò wà níbẹ̀, Hausa wà níbẹ̀, Gbàgyí náà ò gbẹ́yìn. Kí ló wá ṣe ìgbín?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ẹni tí à ń sọ. Ìgbín òkun ni, àwọn onímọ̀ ń pè é ní Conus, irú rẹ̀ sì lé ní 700 nínú òkun ayé. Ìkarahun rẹ̀ ṣóńṣó nísàlẹ̀ bí òkòtó tí ọmọdé ń ta, ó tún ní àwọ̀ tó wuni, tí yóò máa ṣe ènìyàn bíi kó mú un dání. Ibẹ̀ ni ìjàngbọ̀n wà. Òmíràn nínú wọn ń jẹ ekòló òkun, òmíràn ń jẹ ìgbín ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, òmíràn sì ń jẹ ẹja láàyè. Kì í lé ẹja o. Ehín rẹ̀ ló ti di ọ̀kọ̀ kékeré tó ní ihò nínú. Á na ẹnu rẹ̀ gígùn jáde, á gún ẹja, á fún oró sí i lára, ẹja á gan kó tó mọ̀ pé ìgbín ni. Conus geographus ti pa ènìyàn rí, kò sì sí oògùn tó ń pa oró rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn ará Éṣíà ni: Conus ermineus, tí òun náà ń pa ẹja jẹ, wà ní etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tiwa.

Àwọn kan lè sọ pé ọ̀nà ló jìn. Èyí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Odò tó la ìlú Kaduna kọjá ń ṣàn lọ bá Odò Ọya ní Mureji, Odò Ọya sì ń ṣàn lọ sínú òkun. Ìgbín tó bá gbéra láti ẹnu òkun yóò kàn máa gun odò bọ̀, yóò yà sọ́wọ́ ọ̀tún tó bá dé Mureji, yóò wá bá dáàmù Zungeru àti ti Shiroro lójú ọ̀nà. A gbà pé dáàmù á dá a dúró díẹ̀. Ṣùgbọ́n iyọ̀ gan-an lẹjọ́: Conus kò lè gbé inú omi tí kò níyọ̀, kò sì ní kọjá agbègbè Niger Delta láàyè. Ìdíwọ́ yìí kò kan ìjọba rárá, èyí tó ṣọ̀wọ́n lórílẹ̀-èdè yìí.

Ìgbín òkun kan tilẹ̀ ti dé Àríwá ṣáájú. Ìgbín òkun ni owó ẹyọ kó tó di owó. Láti Maldives ló ti wá, wọ́n sì ti ń ná an lọ́jà ilẹ̀ Hausa tipẹ́ kí Lugard, gómìnà Gẹ̀ẹ́sì, tó bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ìlú Kaduna ní 1913. Kò gun odò. Òwò ló gbé e. Nípa báyìí, ìgbín òkun lè dé Trikania, bó bá ti kú tó sì wúlò.

Ìwúlò ti Conus, Baldomero Olivera, ọmọ Philippines, ló tú u síta. Nígbà tó padà sí Manila láti Amẹ́ríkà, kò bá irinṣẹ́ tó lè fi ṣe iṣẹ́ DNA tó kọ́ (ẹ̀yin olùkọ́ yunifásítì tiwa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín), ló bá yíjú sí ìgbín tí àwọn apẹja ń kó wá. Lẹ́yìn náà, ní Yunifásítì Utah, Michael McIntosh, tó jẹ́ ọmọ ọdún 18 nígbà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, yọ èròjà kan jáde nínú oró Conus magus. Iṣẹ́ kan ni èròjà yìí mọ̀ ọ́n ṣe: ó ń dí ojú ọ̀nà tí kálísíọ́mù ń gbà wọ inú iṣan tó ń gbé ìrora lọ sí ọpọlọ. Ìrora á wà níbẹ̀, kò kàn ní rí ẹni jíṣẹ́ fún. Wọ́n ṣe irú rẹ̀ ní ilé ìwádìí, wọ́n pè é ní ziconotide, ìjọba Amẹ́ríkà sì fọwọ́ sí i ní oṣù Kejìlá ọdún 2004. Kì í di bárakú bíi mọ́fíìnì àti tramadol. Ẹni tó bá ti rí i bí wọ́n ṣe ń fi omi ìgbín ṣe ẹ̀rọ̀ nídìí Ọbàtálá kò ní pariwo.

Níbí ni ìwádìí yìí ti kan alágbo tó ń ta oògùn ẹ̀yìn ní Trikania. Màmá sọ agbọ̀n kalẹ̀, ó da díẹ̀ nínú ìgò eléèpo igi, ó da díẹ̀ nínú ìgò elégbò tí wọ́n fi ògógóró rẹ, ó gbọn ife náà.

“Bùọ̀dá, ẹ̀yìn ni àbí jẹ̀dí?”

“Ẹ̀yìn ni, Màmá.”

“Ẹ gbé e mu. Ó ń lé ibà náà, ó sì dáa fún ojú.”

Ká ní jẹ̀dí ni oníbàárà dáhùn, ìgò méjì yẹn náà ni. Ti Conus yàtọ̀: oró òkòtó kan ṣoṣo lè ní èròjà tó lé ní 100, oníkálukú pẹ̀lú iṣẹ́ tirẹ̀. Ní 2015, wọ́n kéde pé Conus geographus ń lo ínsúlíìnì láti fi já ṣúgà ara ẹja wálẹ̀. Àwọn onímọ̀ sì ń wo ìyẹn láti fi ṣe ínsúlíìnì tó tètè ń ṣiṣẹ́ fún àwọn alátọ̀gbẹ. Ìgbín náà kò pe ìkankan nínú wọn ní gbogboǹṣe.

Àbùkù kan wà. A kì í gbé ziconotide mu. Ẹ̀rọ kékeré ni wọ́n ń lò láti máa kán an sínú omi inú ọ̀pá ẹ̀yìn, ó wọ́n bí ojú, ó sì lè mú kí aláìsàn máa rí ohun tí kò sí níbẹ̀. Irú oògùn bẹ́ẹ̀ kò ṣeé gbé sínú agbọ̀n kiri ní Trikania.

Nítorí náà, ẹni tí ẹ̀yìn bá ń dùn, kó lọ rí dókítà. Bó bá sì dé etí òkun, tó rí òkòtó aláwọ̀ mèremère tó ń rìn, kó má fọwọ́ kàn án.